Soho ní Lọ́ńdọ́nù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àwọn Ilé Iṣẹ́ VFX, Irinṣẹ́ Wọn àti Àdúgbò Wọn

Ìbéèrè àti ìdáhùn wọ̀nyí wà fún ẹni tó ti jókòó wo fíìmù títí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọjá lọ lójú rẹ̀, tó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ́nù, tó sì ń ṣe kàyéfì ohun tí gbogbo wọn ṣe gan-an. Soho ni a mú, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ VFX (visual effects, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà tún àwòrán fíìmù ṣe) ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọ ìtàn iṣẹ́ náà láìsọ ti àdúgbò.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ VFX?

Ohun tí kámẹ́rà rí lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya fíìmù kì í sábà jẹ́ ohun tí olùwòran máa rí ní sinimá. Òṣèré lè dúró níwájú aṣọ àwọ̀ ewé ní sítúdíò Pinewood, kí olùwòran rí i lórí òkè yìnyín. Wọ́n lè fi okùn so ọkùnrin kan rọ̀ láti àjà, kí ó dà bí ẹni pé ó ń fò. Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ VFX ni láti yọ ohun tí kò yẹ kí ó wà nínú àwòrán, láti fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un, kí wọ́n sì ṣe é débi tí ojú kò fi ní mọ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dírágónì àti ilé tó ń bú gbàù nìkan ni, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò ní fura sí: wọ́n á yọ àwo sátẹ́láìtì kúrò lórí òrùlé nínú fíìmù ayé àtijọ́, wọ́n á fi èrò kún pápá ìṣeré tó ṣófo, wọ́n á pààrọ̀ ojú ọ̀run tó ṣú kí ìran tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta yà lè jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ní tèmi, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń fi ọgbọ́n ọwọ́ hàn jù.

Iṣẹ́ lẹ́yìn yíyà fíìmù gbòòrò ju VFX lọ. Gígé fíìmù àti títò ó wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn, orin, àti àtúnṣe àwọ̀ tó máa ń kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ní Soho, gbogbo ìwọ̀nyí wà ní àdúgbò kan náà, nígbà mìíràn pàápàá lábẹ́ òrùlé kan náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Soho?

Ìtàn náà ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Cecil Court, òpópónà kékeré kan lẹ́bàá Charing Cross Road, ni àwọn oníṣòwò fíìmù kọ́kọ́ pọ̀ sí. Nígbà tí òwò wọn fẹ̀ sí i, wọ́n ṣí lọ sí Wardour Street tó la àárín Soho kọjá. Ohun tí Ìdúmọ̀tà jẹ́ fún fíìmù Yorùbá nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde ni Wardour Street jẹ́ fún fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ibẹ̀ ni àwọn tó ń pín fíìmù káàkiri ilé sinimá ní ọ́fíìsì sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná iye tí wọ́n máa fi yá fíìmù, ibẹ̀ sì ni ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ti máa ń bá ẹni tó ní iṣẹ́ pàdé.

Níbi tí olówó fíìmù bá wà, oníṣẹ́ fíìmù kì í jìnnà síbẹ̀. Yàrá ìgé-fíìmù àti ilé ìgbohùnsílẹ̀ tẹ̀lé àwọn oníṣòwò náà wá. De Lane Lea, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, di ilé iṣẹ́ ohùn tí orúkọ rẹ̀ ròkè. Ilé iṣẹ́ Hammer, tó fi fíìmù ẹlẹ́rù-jẹ̀jẹ̀ lókìkí, ní ilé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Wardour Street. Àjọ BBFC tó ń yẹ fíìmù wò kó tó dé ilé sinimá sì fi Soho Square ṣe ibùjókòó. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n tó ń gba ìpolówó ọjà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, àwọn onípolówó náà rí i pé Soho ni àwọn tó lè bá wọn gé fíìmù wà.

Ìpolówó yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń sọ ìtàn iṣẹ́ náà ṣe máa ń gbé e lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Quantel ní Newbury gbé Paintbox, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kun àwòrán tẹlifíṣọ̀n, jáde ní 1981, tó sì gbé Harry, tí wọ́n fi ń gé àwòrán tí wọ́n sì fi ń tò ó pọ̀, tẹ̀lé e ní 1985, owó gọbọi ni ẹ̀rọ wọ̀nyí, agbára wọn kò sì tíì ká fíìmù gígùn. Oníṣẹ́ ìpolówó tó ní ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n péré láti kún ló lè san owó wọn. Framestore tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 àti The Mill tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990 fi ìpolówó àti fídíò orin kọ́wọ́ kí fíìmù ńlá tó dé bá wọn. Ọṣẹ àti ọtí bíà ló san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó wá ń ṣe fíìmù Hollywood lẹ́yìn náà.

Báwo ni àdúgbò náà ti tóbi tó, báwo ni iṣẹ́ sì ṣe ń ti ilé kan dé òmíràn?

Kò tóbi rárá. Oxford Street ni ààlà rẹ̀ ní àríwá, Regent Street ní ìwọ̀-oòrùn, Charing Cross Road ní ìlà-oòrùn, Shaftesbury Avenue sì wà ní gúúsù. Ẹni tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lè fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú là á kọjá. Kíkéré yìí gan-an ni agbára rẹ̀. Kí wáyà tó dé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé fíìmù kiri: ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní runner á gbé agolo fíìmù sábẹ́ abíyá láti yàrá ìgé lọ sí ilé ohùn, á sì ti padà dé kí omi tíì tó hó. Bí ọ̀gá kan bá fẹ́ wo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ní ilé iṣẹ́ mẹ́ta, ó lè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀sán kan.

Ní 1995, àwọn ilé iṣẹ́ bíi mélòó kan ní àdúgbò náà, tí wọ́n ń bára wọn díje lójoojúmọ́, pa owó pọ̀ láti fi wáyà so ilé ara wọn, kí wọ́n lè máa fi àwòrán ránṣẹ́ láìlo agolo. Sohonet ni wọ́n sọ ọ́, ó sì ti di iléeṣẹ́ tó ń so àwọn oníṣẹ́ fíìmù pọ̀ káàkiri àgbáyé. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ohun tó ṣe ṣọ̀wọ́n: ẹni tó ń bá ọ dù oníbàárà gbà láti bá ọ gbẹ́ kòtò wáyà.

Báwo ni inú ilé iṣẹ́ náà ṣe rí?

Ẹni tó bá ń retí ààfin, ìrètí rẹ̀ lè já. Ọ̀pọ̀ ilé ní Soho ti wà láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, àtẹ̀gùn wọn tóóró, yàrá wọn kò fẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ náà sì lè má ju àmì kékeré kan lọ lára ilẹ̀kùn. Yàrá ìgbàlejò máa ń dára, ó ní àga rírọ̀ àti ẹ̀rọ kọfí tó ń dán, nítorí pé oníbàárà ló ń jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá ibẹ̀, òkùnkùn ló kù.

Òkùnkùn yìí ní ìdí. Ẹni tó ń to àwòrán pọ̀ gbọ́dọ̀ rí ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti dúdú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dúdú, bí oòrùn bá sì wọlé lójú fèrèsé, ìyàtọ̀ yẹn á pòórá. Nítorí náà wọ́n máa ń ta aṣọ dúdú sí fèrèsé, wọ́n á dín iná kù, wọ́n á sì kun ògiri yàrá tí wọ́n ti ń tún àwọ̀ ṣe ní àwọ̀ eérú tí kò fì síbì kan. Bí ògiri bá pupa, ojú tó bá ti mọ́ pupa lára á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọ̀ ewé nínú awọ ara òṣèré, oníṣẹ́ náà á sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ wọ̀n àwọ̀ ojú ẹ̀rọ ìwòran láti ìgbà dé ìgbà kí ohun tí ẹnì kan rí ní ilẹ̀ kìíní má yàtọ̀ sí ohun tí ẹlòmíràn rí ní ilẹ̀ kẹta.

Lórí tábìlì, ẹ máa bá ojú ẹ̀rọ ìwòran méjì, pátákó àti kálàmù Wacom, agbekọ́rí, àti ife tíì. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kì í sábà sí lábẹ́ tábìlì. Yàrá ẹ̀rọ ló wà, níbi tí òtútù ti ń mú tí ariwo fáànù kò sì jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀.

Yàrá tó ṣe pàtàkì jù ni sinimá kékeré tí wọ́n ti ń wo iṣẹ́ ọjọ́. Ní àárọ̀, alábòójútó á jókòó sí ìlà kejì pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì pupa kékeré lọ́wọ́, àwọn oníṣẹ́ á jókòó sẹ́yìn, ẹnì kan á sì máa kọ àkíyèsí sílẹ̀. Wọ́n á gbé shot kan (ègé fíìmù tí kò ní gígé láàárín) tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ sójú, á máa yí po. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni iná pupa náà á dúró sí ibi bàtà òṣèré: òjìji abẹ́ bàtà náà fúyẹ́ jù, ó jọ pé ọkùnrin náà ń léfòó. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, shot mìíràn dé. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ méjì lè wà nínú rẹ̀.

Irinṣẹ́ wo ni wọ́n ń lò?

Bí ẹ bá wọ ilé iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn díje, irinṣẹ́ kan náà lẹ máa bá níbẹ̀. Maya, tó kọ́kọ́ jáde ní 1998 tí Autodesk sì ń tà báyìí, ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀dá, tí wọ́n fi ń to egungun sínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń mú un rìn. ZBrush ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìwúnjọ ojú àti eékánná bí ẹni tó ń gbẹ́ igi. Mari, tó ti ilé iṣẹ́ Wētā ní New Zealand wá, ni wọ́n fi ń kun awọ ara. Iná, èéfín, omi àti ilé tó ń wó jẹ́ iṣẹ́ Houdini, èyí tí SideFX ní Toronto ń ṣe. Ẹni tó bá mọ Houdini dáadáa kì í pẹ́ nílé láìríṣẹ́.

Nuke ni wọ́n fi ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ilé iṣẹ́ Digital Domain ní Kalifóníà ló kọ́kọ́ kọ ọ́ fún ìlò ara rẹ̀ ní 1993, ṣùgbọ́n láti 2007 ni Foundry, ilé iṣẹ́ ará Lọ́ńdọ́nù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ti gba ìtọ́jú rẹ̀. Avid ni àwọn agéfíìmù ń lò jù, Pro Tools ni ti ohùn. Ní ti àwọ̀, Baselight tí FilmLight ní Lọ́ńdọ́nù ṣe àti DaVinci Resolve ni ẹ máa rí. Linux ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà náà, kì í ṣe Windows.

Irinṣẹ́ tí èmi kà sí pàtàkì jù kò fi àwòrán kankan hàn rárá: ètò tó ń darí fáìlì láti ẹ̀ka kan dé òmíràn, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ. Ẹ wo orúkọ fáìlì bíi BRG_0140_comp_v023: ìran afárá, shot 140, ẹ̀ka ìtòpọ̀, ẹ̀dà kẹtàlélógún. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún shot bá wà nílẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ogún ẹ̀dà, tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn sì ń fọwọ́ kàn wọ́n, ilé iṣẹ́ tí ètò orúkọ rẹ̀ bá dàrú á fi ẹ̀dà àná ránṣẹ́ sí oníbàárà, ojú á sì ti gbogbo wọn. Ìdí kan náà ló mú kí àwọn irú fáìlì tí gbogbo ayé gbà ṣe kókó: OpenEXR tí ilé iṣẹ́ ILM fi tọrẹ ní 2003, àti USD tí Pixar fi tọrẹ ní 2016. Láìsí wọn, ilé iṣẹ́ mẹ́fà kò ní lè pín fíìmù kan ṣe.

Kí ló dé tí wọ́n fi nílò kọ̀ǹpútà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Férémù (ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fíìmù) 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà fíìmù oníwákàtí méjì ní férémù 172,800. Férémù 4K kan tó jẹ́ píksẹ́lì 4096 ní ìbú àti 2160 ní gíga, tí wọ́n tọ́jú ní EXR láìfún un pọ̀, gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 53. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti lé ní gígábáìtì kan nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni férémù náà kì í dá wà, nítorí wọ́n máa ń tọ́jú òjìji, dídán, èéfín àti ìmọ́lẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè tún ọ̀kan ṣe láìkan èkejì.

Iṣẹ́ render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta kiri inú ayé tí wọ́n dá, ló wúwo jù. Ká ní kọ̀ǹpútà kan gba wákàtí mẹ́wàá lórí férémù kan. Shot ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ní férémù 120, èyí tó túmọ̀ sí wákàtí 1,200, tàbí àádọ́ta ọjọ́. Bí wọ́n bá pín in fún kọ̀ǹpútà 120, òru kan tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sì ń bá a ní àárọ̀. Ilé àtijọ́ ní Soho kò ní àyè, iná tàbí ẹ̀rọ ìtutù tó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ sí àwọn ilé ẹ̀rọ lẹ́yìn àdúgbò náà, tàbí kí wọ́n yá ti ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ mú shot kan, kí ẹ tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ká ní obìnrin kan jókòó sójú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin ní 1920, ilẹ̀ oko sì ń sá kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti yà á, kò sí ọkọ̀ ojú irin: ìdajì yàrá onípákó ni, aṣọ àwọ̀ ewé sì wà lẹ́yìn dígí. Kí òṣèré tó jókòó, oníṣẹ́ VFX kan ti gbé bọ́ọ̀lù méjì síwájú kámẹ́rà, ọ̀kan ń dán bíi dígí, èkejì jẹ́ àwọ̀ eérú, kí wọ́n lè mọ ibi tí iná ti ń wá àti bó ṣe le tó.

Nígbà tí àwòrán náà bá dé Soho, ẹ̀ka àkọ́kọ́ á wá bí kámẹ́rà ṣe mì, kí ilẹ̀ oko tí wọ́n máa fi síbẹ̀ lè mì bákan náà. Ẹ̀ka kejì á gé obìnrin náà kúrò lára aṣọ ewé, férémù kan lẹ́yìn òmíràn. Ibi tó ń jẹ àkókò jù ni irun orí, nítorí pé fọ́nrán irun kan lè la àwọ̀ ewé kọjá, kí àwọ̀ náà sì ta sí i lára. Àwọn mìíràn á pa àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ náà rẹ́. Ẹni tó ń to àwòrán á wá gbé ilẹ̀ oko sí ẹ̀yìn, á mú kí igi ìtòsí sá ju òkè ọ̀ọ́kán lọ, á sì mú kí ìmọ́lẹ̀ máa kọjá lójú obìnrin náà nígbà tí ọkọ̀ bá kọjá lábẹ́ igi. Ó gbọ́dọ̀ rántí pé dígí máa ń fi ojú ènìyàn hàn padà, nítorí náà á fi òjìji ojú obìnrin náà sínú dígí, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ní ìkẹyìn á fi hóró kéékèèké tí kámẹ́rà máa ń ní lé orí ohun tí kọ̀ǹpútà yà, nítorí pé ohun tó bá mọ́ jù ni ojú máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, olùwòran á máa wo bóyá obìnrin náà fẹ́ sunkún.

Àwọn ilé iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ní ìgbà tó dùn jù, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Framestore, MPC, The Mill, Double Negative àti Cinesite. Ìdíje wọn mú ara wọn mú. Ní 2001, ẹ̀ka fíìmù The Mill gba Oscar fún Gladiator, fíìmù tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà parí pápá ìjà Róòmù tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ́ ní Malta. Láti ọdún náà títí di 2011, fíìmù mẹ́jọ ti Harry Potter, tí wọ́n ń yà ní Leavesden lẹ́yìn ìlú, fún wọn ní iṣẹ́ tí kò dáwọ́ dúró fún ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ àìdáwọ́dúró yẹn ló sì jẹ́ kí ẹ̀ka yìí gba ènìyàn púpọ̀, tí wọ́n sì mọṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣì wà níbẹ̀. Double Negative, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 tó sì ń jẹ́ DNEG báyìí, kọjá Oxford Street lọ sí Great Portland Street. Framestore kó lọ sí Chancery Lane ní 2018 kí gbogbo ènìyàn rẹ̀ lè wà nínú ilé kan. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Technicolor tó ni MPC àti The Mill wó lulẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí ló ń fà á tí Hollywood fi ń gbé iṣẹ́ wá síbẹ̀?

Owó orí ni, kí a má fi igbá kan bọ̀kan nínú. Láti oṣù kìíní 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá yẹ padà fún fíìmù, láti 2025 sì ni ti VFX ti di 39. Ìdí tí wọ́n fi gbé e sókè ni pé Montréal àti Vancouver ní Kánádà ń fa iṣẹ́ náà mọ́ra pẹ̀lú irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀, Mumbai àti àwọn ìlú Íńdíà mìíràn sì ń ṣe é ní owó tó dín. Èdè, ìrírí àti ìtòsí sítúdíò Pinewood, Shepperton àti Leavesden ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀dínwó bá kúrò, iṣẹ́ á tẹ̀ lé e.

Ta ni runner, ṣé iṣẹ́ gidi ni?

Iṣẹ́ gidi ni, ẹnu ọ̀nà sì ni. Agolo fíìmù ti tán, ṣùgbọ́n runner ṣì ń po tíì, ó ń gba oúnjẹ oníbàárà, ó ń tún yàrá ìwòran ṣe, ó sì ń kọ́ Nuke ní alẹ́ nígbà tí tábìlì bá ṣófo. Owó rẹ̀ kéré, ilé gbígbé ní Lọ́ńdọ́nù sì wọ́n. Èyí ni ó ń ti ọmọ tálákà sẹ́yìn ju àìní ẹ̀bùn lọ, mi ò sì rò pé ilé iṣẹ́ kankan ti rí ojútùú rẹ̀ délẹ̀. Ẹni tó bá mọ orúkọ gbogbo ènìyàn, tó mọ ẹni tí kì í fi ṣúgà sí tíì, ni wọ́n máa ń rántí nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe rí lára àwọn tó ń ṣe é?

Àdéhùn iṣẹ́ kò sábà ju fíìmù kan lọ. Bí ọjọ́ ìfijáde bá ń súnmọ́, wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ dòru àti lópin ọ̀sẹ̀. Bí fíìmù bá parí, wọ́n á máa wá òmíràn. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé àti òṣèré Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2023, oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ebi iṣẹ́ dé Soho, nítorí pé ohun tí wọn kò yà lọ́hùn-ún kò lè dé ibí. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ BECTU ní ẹ̀ka fún àwọn oníṣẹ́ VFX, ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ náà yóò ṣe dáadáa bó bá tètè mọ̀ wọ́n.

Ṣé wọ́n ṣì ń wá sí ọ́fíìsì?

Láti 2020 ni àrùn Kòrónà ti kọ́ gbogbo wọn pé ènìyàn lè jókòó nílé kó máa darí kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ń pín ọ̀sẹ̀ wọn sí méjì. Ẹni tó ti mọṣẹ́ jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ pàdánù nǹkan: ọ̀gá kì í kọjá lẹ́yìn àga ẹni nínú íntánẹ́ẹ̀tì, kó dúró, kó sì tọ́ka sí ohun tí a kò béèrè.

Ǹjẹ́ AI yóò gba iṣẹ́ náà?

Ó ti gba apá kan. Láti 2021 ni Nuke ti ní CopyCat, èyí tí oníṣẹ́ lè fi férémù díẹ̀ kọ́ kí ó ṣe ìyókù, àwọn iṣẹ́ gígé-àwòrán tó ń sú ènìyàn ló sì kọ́kọ́ dé sí. Iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọ tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù mi wà.

Mo wà ní Ìbàdàn. Ṣé mo lè kọ́ ọ láìdé Lọ́ńdọ́nù?

Bẹ́ẹ̀ ni, irinṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro mọ́. Ọ̀fẹ́ ni Blender, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Maya ń ṣe, DaVinci Resolve ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó lágbára, Nuke àti Houdini sì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, bí kò bá ti fi wọ́n pawó. Ìṣòro ni iná mànàmáná, dátà, àti kọ̀ǹpútà tó ní káàdì àwòrán tó dára. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dírágónì. Ẹ fi fóònù ya ìgboro yín ní ọ̀sán, kí ẹ yọ wáyà NEPA kúrò lójú ọ̀run, kí ẹ sì fi ife kan tí kọ̀ǹpútà yà sórí tábìlì gidi títí tí ẹni tó ń wò ó kò fi ní mọ̀. Shot mẹ́ta tó dán mọ́rán dára ju ogún tó jẹ́ àbọ̀ lọ, nítorí ẹni tó ń wo àkójọ iṣẹ́ yín á fi èyí tó burú jù dá yín lẹ́jọ́.

Fún àwọn tó ti wà ní Lọ́ńdọ́nù, ScreenSkills ń rí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́, ACCESS:VFX sì ń ṣí ọ̀nà fún àwọn tí iṣẹ́ náà kò tíì máa rántí. Bọ́ọ̀sì 12 ń gbé ènìyàn láti Peckham, níbi tí ẹni tó ń ta iṣu ti ń kí ẹ ní Yorùbá, dé Regent Street ní ẹnu ọ̀nà Soho. Ọ̀nà náà kò jìn tó bó ṣe jọ.

Ṣé àlejò lè wọlé wò wọ́n?

Rárá, bí kò bá sí ẹni tó pè yín. Fíìmù tí kò tíì jáde ni wọ́n ń ṣe, oníbàárà sì máa ń rán ènìyàn wá yẹ ilẹ̀kùn, kámẹ́rà ìṣọ́ àti kọ̀ǹpútà wọn wò. Kọ̀ǹpútà iṣẹ́ kì í sábà rí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn yàrá kan wà tí fóònù kò gbọ́dọ̀ wọ̀, fíìmù pàápàá sì lè máa jẹ́ orúkọ àpèjẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí.

Àdúgbò ló ṣeé wò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth, tó ṣí ní 2022, kí ẹ sọ̀ ní Tottenham Court Road, kí ẹ sì gba ẹnu ọ̀nà Dean Street jáde. Ẹ kọjá sí ilé 22 ní Frith Street: ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní 1926, John Logie Baird fi tẹlifíṣọ̀n hàn àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ níbẹ̀, ilé kọfí Bar Italia ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ báyìí. Láti ibẹ̀, ẹ gba Old Compton Street bọ́ sí Wardour Street, kí ẹ sì máa wo àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké. Bí ó bá di aago kan ọ̀sán, ẹ lọ sí ọjà Berwick Street, níbi tí àwọn oníṣẹ́ náà ti ń tò fún oúnjẹ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ. Ọjà náà kì í ná ní ọjọ́ Àìkú.